Ọjọ́ Ìsinmi: Ta Ni Ó Ń Sinmi Nínú Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lójú ìwé wa yìí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé ti àwọn àlùfáà nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni. Èmi kì í ṣe àlùfáà, bẹ́ẹ̀ ni n kò kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn ní yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ẹbí ni mí, àwọn tí àwọn ọmọ yín ń pè ní sóṣà wọ́kà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi a máa gbé mi wọ inú ilé àwọn ènìyàn, ohun tí ojú mi sì ń rí níbẹ̀ ni ó mú kí n tún ṣí Bíbélì mi wò lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwé kan ní ìlú London ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ wa nípa ọmọdékùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ Yorùbá. Mo ti yí àwọn ohun kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ìdílé náà mọ̀. Ọmọ náà kò ya ìpáǹle, kò bú olùkọ́, kò sì jalè. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn án: ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni ó ń sùn lórí àga ní kíláàsì. Olùkọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù pé bóyá wọn kì í fún un ní oúnjẹ, tàbí pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹ́ nílé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ilé tí ó mọ́ tónítóní. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọlúàbí sì ni àwọn òbí méjèèjì. Ìyá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bàbá sì ń wa bọ́ọ̀sì.

Mo ní kí wọ́n ka ọjọ́ Àìkú wọn fún mi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni màmá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Kò ní sùn. Yóò wẹ̀, yóò wé gèlè, gbogbo ilé yóò sì wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní aago mẹ́sàn-án. Wọn yóò ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, wọn yóò ṣe ìsìn. Lẹ́yìn ìsìn ni ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, lẹ́yìn ẹgbẹ́ akọrin ni ìpàdé àwọn ìyá, lẹ́yìn ìyẹn ni ìkómọ tàbí ọjọ́ ìbí ẹnìkan. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà wọlé. Bàbá yóò bọ́ agbádá, yóò wọ aṣọ iṣẹ́, yóò lọ wa bọ́ọ̀sì di òru. Màmá yóò se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sínú fìrísà, yóò fọ aṣọ, yóò di irun fún ọmọbìnrin méjì, yóò sì tún jáde lọ sí iṣẹ́ alẹ́ ní aago mẹ́jọ. Ta ni ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ láti aago mẹ́jọ yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ni. Òun ni ó ń ṣọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì títí bàbá wọn yóò fi dé ní aago kan òru. Kì í jẹ́ kí oorun gbé òun lọ, àfi bí ó bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bi ọmọ náà pé, “Èwo ni o fẹ́ràn jù nínú ọjọ́ méjèèje?” Ó ní, “Àǹtí, ọjọ́ Ajé ni.” Mo ní kí ni ó dé. Ó ní, “Nítorí pé ọjọ́ Ìsinmi ti parí.”

Bàbá rẹ̀ dorí kodò. Ìyá rẹ̀ ni ó fọhùn. Ó ní, “Àǹtí, ṣé kí á má lọ sin Ọlọ́run mọ́ ni? Àbí kí á má ṣiṣẹ́?” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. N kò sì lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí pé èmi pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ní ilé ìtọ́jú kan, nítorí pé owó ọjọ́ náà fi díẹ̀ ga ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Owó ilé ìwé ni mo ń wá. Ẹnu kò gbà mí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n mo mú ìbéèrè ìyá náà lọ sílé, ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Kí ni ìwé mímọ́ sọ gan-an?

Ibi méjì ni a ti rí òfin ọjọ́ ìsinmi nínú Òfin Mẹ́wàá, ìdí tí wọ́n sì fi lélẹ̀ fún un yàtọ̀ síra. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé, ó sì sinmi ní ọjọ́ keje. Èyí ni gbogbo wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n nínú Diutarónómì orí 5, ìdí mìíràn ni Mósè fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n rántí pé ẹrú ni wọ́n ti jẹ́ rí ní Íjíbítì. Ẹrú kì í ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí Ọlọ́run bá tú sílẹ̀ lóko ẹrú gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá kankan kò ni.

Ẹ tún wo àwọn tí òfin náà ka orúkọ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti àlejò tí ó ń gbé láàárín ìlú. Gbogbo wọn pátá ni ẹni tí kò lè dá sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́ lónìí. Màlúù kò lè bọ́ àjàgà lọ́rùn ara rẹ̀. Ọmọdé kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ti rẹ òun. Àlejò tí ó ń wá ojú rere onílé kì í sọ pé rárá. Ẹ̀yin òbí mi, ta ni àlejò nílẹ̀ yìí bí kò ṣe àwa náà? Ó yà mí lẹ́nu pé láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ òfin yìí, tí n kò sì rí orúkọ ara mi nínú rẹ̀ rí.

Ẹ kò rí ìyàwó nínú àwọn tí a kà sílẹ̀ yẹn. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé “ìwọ” tí òfin náà ń bá wí kó tọkọtaya pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ńṣe ni ó dàbí ẹni pé a kà á pé kí gbogbo ilé sinmi, kí ìyàwó nìkan wọ ilé ìdáná lọ.

Òtítọ́ ni pé Léfítíkù orí 23 ka ọjọ́ náà mọ́ ọjọ́ ìpéjọ mímọ́, nítorí náà ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé Ọlọ́run kò ṣẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìpéjọ kò gba ipò ìsinmi. Bí ìpàdé bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi ń ka wákàtí tí ọjọ́ Olúwa yóò parí, ó yẹ kí á bi ara wa bóyá a kò ti sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn tí a fi aṣọ àǹkárá bò.

Àwọn olórí ẹ̀sìn ìgbà ayé Jésù náà ṣe àṣejù, bí tiwọn tilẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Máàkù orí 2 sọ bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ya síírí ọkà ní ọjọ́ ìsinmi tí àwọn Farisí fi bínú. Ó fi yé wọn pé nítorí ènìyàn ni a ṣe dá ọjọ́ náà, pé a kò tìtorí ọjọ́ náà dá ènìyàn. Nínú Lúùkù orí 13, ó wo obìnrin kan sàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún 18. Nígbà tí olórí sínágọ́gù bínú, ó rán wọn létí pé wọ́n ń tú màlúù wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kí ó lè mu omi. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó, ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ gbé aláìsàn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹni tí ó ń fún arúgbó ní omi mu ní ọjọ́ Àìkú kò ba ọjọ́ náà jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ gún yín lára nítorí pé ẹ kò sí ní ìjókòó yín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kàn yín. Ìbéèrè tí ó kù fún yín ni pé, nígbà tí ẹ bá tú màlúù sílẹ̀ tán, nígbà wo ni a óò tú ẹ̀yin náà sílẹ̀?

Ọjọ́ wo ni ọjọ́ náà?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí bóyá Àbámẹ́ta ni tàbí Àìkú. Àwọn Júù ń pa á mọ́ láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí di ìgbà tí ó bá wọ̀ ní Àbámẹ́ta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn Kristẹni ti ń péjọ ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ nítorí àjíǹde Olúwa. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20 sọ nípa irú ìpéjọ bẹ́ẹ̀ ní Tíróásì, Justin tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì kọ nípa rẹ̀ ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 150. Ní ọdún 321 ni Ọba Kọnsitatáínì pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́ àti àwọn ará ìlú sinmi ní ọjọ́ náà; ó gba àwọn àgbẹ̀ láàyè láti ṣiṣẹ́ oko wọn, kí àkókò tí ó dára fún irúgbìn má baà kọjá.

Ìjọ Adventist gbà pé ọjọ́ keje kò yí padà, Àbámẹ́ta ni wọ́n sì ń pa mọ́. Àjèjì kọ́ ni wọ́n láàárín wa. Ní ọdún 1914 ni òjíṣẹ́ wọn, David Babcock, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Erunmu lẹ́bàá Ìbàdàn, orúkọ rẹ̀ sì ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ń jẹ́ láti ọdún 1999. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá wọn gbé yóò jẹ́rìí pé kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti se oúnjẹ, wọ́n ti lọ aṣọ. Ní ti èmi, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tọ́ mi dàgbà lórí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì wà. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Róòmù, ní orí 14, pé kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lójú nínú ọkàn rẹ̀ lórí ọ̀ràn ọjọ́. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń jà lórí Àbámẹ́ta àti Àìkú, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sinmi ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìyá mi àti ọjọ́ ọjà

Kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa ti mọ ohun tí à ń pè ní yíya ọjọ́ sọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ tiwọn jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní ọrún nítorí pé wọ́n máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Olúkúlùkù òrìṣà ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, tí Àjàyí Crowther wà lára wọn, wọ́n mú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà wa kò tẹ̀lé e. Ọjà ọrọọrún ń bá ìṣirò tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà, ẹ ó rí i pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 28.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 28 ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ tí òun kì í pàtẹ. Mo rántí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kan lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí bẹ́ẹ̀, wọn kò sì padà wá. A kò lówó lọ́wọ́; àwa ọmọ márùn-ún ni a ń jẹ, tí a sì ń lọ sí ilé ìwé láti ara aṣọ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bi í pé ṣé kò rí àdánù tí ó ń ṣe ni, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí n kò bá lè fi ọjọ́ ọjà kan sílẹ̀, a jẹ́ pé ọjà ni ó ni mí.”

Ní alẹ́ Àbámẹ́ta, gbogbo ilé a máa kún fún iṣẹ́. A ó lọ ata, a ó pọn omi kún àmù, a ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, bàbá mi a sì kun bàtà gbogbo wa. Bí ìsìn bá parí ní ọjọ́ kejì, tí a bá sì jẹun tán, ìyá mi a tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì sùn. Àwa ọmọ a sùn yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ títí oòrùn yóò fi rọ̀. N kò rántí ìwàásù kan ṣoṣo nínú àwọn tí mo gbọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí ìyá mi ṣe ń mí nínú oorun, mo sì mọ̀ pé ní wákàtí yẹn, kò sí ohun tí ó lè ṣe wá.

Òfin ilẹ̀ yìí ńkọ́?

Nígbà tí àwọn àgbà tí ó ṣáájú wa dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ni ó ń ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Àìkú. Ní ọdún 1986, ìjọba gbìyànjú láti mú òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin fi ìbò 14 ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún 1994 ni òfin mìíràn wá ṣí ilẹ̀kùn náà ní England àti Wales. Ó gba àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, èyí tí ààyè ìtajà wọn ju mítà 280 níbùú lóròó lọ, láàyè láti ṣí fún wákàtí mẹ́fà láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lè ṣí bí ó ti wù wọ́n.

Àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n gbà ọ́ fún, o lè kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ pé o kò fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò lè fipá mú ọ, kò sì lè torí rẹ̀ dá ọ dúró. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó kò ní ẹ̀tọ́ yìí. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ obìnrin Kristẹni kan tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, nítorí pé ilé ẹjọ́ gbà pé agbanisíṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn láti fi bójú tó àwọn ọmọ náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ olùpín lẹ́tà kan, pé agbanisíṣẹ́ tí yóò bá kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìnira ńlá ni yóò jẹ́ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé òfin kò gbé ìsinmi fún wa pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà á lọ́wọ́ wa pátápátá.

Ẹ̀tọ́ kan wà tí ó kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa. Láti ọdún 1998, òfin Bìrìtéènì ti fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí 24 láìṣiṣẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tàbí wákàtí 48 nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Ní àwọn ẹnu iṣẹ́ bí ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú, wọ́n lè sún un sí ìgbà mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fi òmíràn dípò rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gá kìíní fún wa ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé lọ fún ọ̀gá kejì. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò kọjá ìwọ̀n a máa di májèlé.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ó kan iṣẹ́ mi gan-an. Òfin England kò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó tí a lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé ní òun nìkan, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni bí fífi í sílẹ̀ bá fi í sínú ewu. Ẹgbẹ́ NSPCC tí ń dáàbò bo àwọn ọmọdé gbà wá ní ìmọ̀ràn pé agbára káká ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 fi gbọ́n tó láti dá wà fún ìgbà pípẹ́, àti pé kí a má fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 sílẹ̀ láti sun òru mọ́jú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe alágbàtọ́. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, kò sí àwáwí tí yóò tó.

Ohun tí ìdílé náà ṣe

Nígbà tí mo padà lọ, a jókòó sídìí tábìlì, a sì kọ orúkọ gbogbo wọn sórí ìwé. A kọ wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń sinmi ní ọjọ́ Àìkú sí iwájú orúkọ rẹ̀. Iwájú orúkọ màmá ṣófo. Bàbá mú ìwé náà, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Màmá bẹ ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ alẹ́ Àìkú rẹ̀ sí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá bá awakọ̀ kan tí kò níyàwó nílé ṣe pàṣípààrọ̀, débi pé nínú ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, méjì di tirẹ̀. Wọ́n sọ fún olùṣọ́ àgùntàn wọn pé àwọn yóò máa lọ sílé bí ìsìn bá ti parí, màmá sì fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ méjì tí ó wà. Olùṣọ́ àgùntàn kò bínú bí wọ́n ṣe rò. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń se ọbẹ̀ báyìí, bí a ṣe kó mánà ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹfà nínú Ẹ́kísódù orí 16. Bàbá ló ń ge ẹran, ọmọkùnrin náà sì ń fọ àwo. N kò ní tàn yín jẹ: owó oṣù wọn dínkù, wọ́n sì sún ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ilé síwájú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo pe olùkọ́ ọmọ náà. Ó ní ó ṣì máa ń yán ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n kò sùn ní kíláàsì mọ́.

Ẹ̀yin òbí mi, ìdílé kò rí bákan náà. Bí ẹ kò bá lè gba ọjọ́ Àìkú, ẹ gba ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín pé ọjọ́ náà ti di ti ilé wa. Bí odindi ọjọ́ kò bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá jẹun ọ̀sán tán títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbé tẹlifóònù sítòsí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń se oúnjẹ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin àlàgbà ìjọ wa náà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ wo àwọn ìpàdé tí ẹ tò sí ẹ̀yìn ìsìn, kí ẹ rántí pé ibi iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn kan nínú ìjókòó iwájú yín ti wá.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ mú ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé yín sí i, láti orí bàbá dé orí ọmọ ọwọ́ àti àlejò tí ẹ gbà sílé. Ẹ kọ wákàtí ìsinmi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ó ṣófo, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní ìsinmi nínú ilé wa.